Àlòkù Ayẹta: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọmọ Ogun Gba Ọkọ̀ Tí Ẹlòmíràn Ti Lò Tì?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí òwe, oríkì àti orúkọ tí a sábà máa ń tú palẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń lọ, ẹ ó rí i pé èdè wa àti ìtàn wa wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fa ọkọ̀ ogun 24 lé àwọn ọ̀gágun Nàìjíríà lọ́wọ́ ní ìlú Èkó. Wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ni, wọ́n sì sọ pé iye wọn tó mílíọ̀nù 11 dọ́là. MRAP ni àwọn òyìnbó ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èyíinì ni ọkọ̀ tí wọ́n kàn lọ́nà tí bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ kò fi ní tètè pa àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Wọn kì í ṣe tuntun. Inú ohun tí ó ṣẹ́ kù sí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́wọ́ lẹ́yìn ogun Ìráàkì àti Afghanistan ni wọ́n ti mú wọn.

Nígbà náà, ohùn méjì ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni, wọ́n ní ẹni tí ó fẹ́ ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kì í gbé àkísà lé e lọ́wọ́. Àwọn kejì ní ẹni tí ebi ń pa kì í wò ó bóyá etí àwo ti fọ́. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí títí di òní, nítorí pé ogun Bọ́kò Háráàmù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 kò tíì parí, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá náà kò sì tíì dẹ́kun kíkó àlòkù ohun ìjà wọn fún ẹlòmíràn. Èrò tèmi ni pé ibi tí ọ̀ràn wà kọ́ ni ìhà méjèèjì ń wò. Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà kò tó ohun tí a ń bá ara wa jà sí. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè ni ọ̀nà tí páàtì rẹ̀ yóò máa gbà dé ọ̀dọ̀ wa, àti ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúró díẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Orúkọ tí Yorùbá fún ohun tí ẹlòmíràn ti lò ju ẹyọ kan lọ. Àlòkù ń wo ohun tí ó ṣẹ́ kù lára nǹkan lẹ́yìn tí a ti lò ó. Tòkunbọ̀ ń wo ibi tí nǹkan ti wá. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni, a wá mú orúkọ ọmọ ènìyàn fún mọ́tò. Àwọn oníṣòwò táyà àti fíríìjì tilẹ̀ máa ń pe tiwọn ní Belgium, nítorí pé èbúté ilẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú ọjà bẹ́ẹ̀ ń gbà wá. Ẹ wá kíyè sí i pé mọ́tò tí a rà ní tuntun tí a sì lò ní Nàìjíríà níhìn-ín kì í jẹ́ tòkunbọ̀ láé. Àlòkù lásán ni, owó rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti tòkunbọ̀ tí ó dàgbà jù ú lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó ń rà á ń bi ara rẹ̀ pé irú ọ̀nà wo ni ó rìn, ta ni ó sì tún un ṣe. Àwọn ará ọjà mọ èyí tipẹ́. Ó dùn mí pé a kì í gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ohun ìjà.

Orúkọ kejì ni ayẹta. Oògùn ni ayẹta láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá so ó mọ́ra, ọta ìbọn yóò yẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Lóde òní, aṣọ ayẹta ni a ń pe èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń wọ̀ sáyà, ọkọ̀ ayẹta sì ni mọ́tò tí ìbọn kò ràn. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹ̀, tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, ni ó wà nínú rẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà á di ti àárín, bí a ti rí i nínú yẹra. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọta gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá lọ. Aṣọ irin ti àwọn ọlọ́pàá kì í yẹ ọta ní tòótọ́, ṣe ni ó ń dá a dúró. Ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ni orúkọ náà bá mu jù lọ. Abẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ṣe ṣóńṣó sí ìsàlẹ̀ bí lẹ́tà V, bí òrùlé ilé tí a dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Bí òrùlé ṣe ń pín òjò sí ọ̀tún àti sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni irin abẹ́ ọkọ̀ yìí ń pín agbára bọ́ǹbù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n gbé e ga kúrò nílẹ̀, wọ́n so ìjókòó rẹ̀ kọ́ kí ìdí ènìyàn má bàa kan irin ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi bẹ́líìtì de àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Bí bọ́ǹbù bá dún, táyà lè fò lọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè já, àpótí irin tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ ni wọn kò fẹ́ kí ó ya.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà náà, kì í tètè gbó. Irin tí ó ṣe ṣóńṣó ní ọdún 2007 ṣì ṣe ṣóńṣó lónìí. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń gbó, àti táyà, àti wáyà iná, àti rọ́bà tí ó ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ kiri. Nítorí náà, èmi kò sí lára àwọn tí ń pe ọkọ̀ wọ̀nyí ní pàǹtírí. Ọmọ tí bọ́ǹbù dún lábẹ́ rẹ̀ lọ́nà Màídúgùrì tí ó sì padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá tuntun ni ọkọ̀ tí ó gbé e.

Níbo ni wọ́n ti sọ irú ọkọ̀ yìí di ohun gidi? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé Amẹ́ríkà ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ni, ìtàn náà kò sì dùn mọ́ wa nínú. Ní ọdún 1965, Ian Smith àti àwọn òyìnbó amúnisìn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ já Rhodesia gbà kúrò lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn aláwọ̀ dúdú má bàa jọba. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn ṣòwò mọ́. Láti ìparí ọdún 1972 ni ogun òmìnira gbóná janjan níbẹ̀. Àwọn ajàjàgbara ZANU àti ZAPU kò ní ọkọ̀ òfuurufú, wọn kò sì ní àgbá ńláńlá. Bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì sójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ni agbára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àpò yanrìn ni àwọn òyìnbó ń tẹ́ sínú Land Rover, wọ́n sì ń bu omi sínú táyà kí ó lè dín agbára bọ́ǹbù kù. Nígbà tí èyí kò tó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn kan ọkọ̀ tuntun, nítorí pé wọn kò lè rà á níbikíbi. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen ni wọ́n gbé sínú èyí tí wọ́n pè ní Leopard, ìbátan ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú mọ́tò tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Wọ́n tún ṣe òmíràn tí ń jẹ́ Pookie, tí ó ń wá bọ́ǹbù kiri: ó fúyẹ́, wọ́n sì wọ táyà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́tò eré ìje sí i lẹ́sẹ̀, kí ó lè gun orí bọ́ǹbù kọjá láìjẹ́ pé bọ́ǹbù náà mọ̀.

Gúúsù Áfíríkà gba iṣẹ́ náà ṣe. Ogun tí wọ́n ń bá SWAPO jà ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Nàmíbíà lónìí ni ó kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Orí ṣásì lọ́rì Bedford ni wọ́n kan Hippo lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ Bedford, òun ni ọ̀pọ̀ bọ́lẹ̀kájà tí ó kó àwọn ìyá wa lọ sọ́jà. Orí ṣásì Unimog ti Mercedes ni wọ́n kan Buffel lé ní ọdún 1978. Lẹ́yìn náà ni Casspir dé, tí ó lókìkí ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n da lẹ́tà orúkọ àwọn ọlọ́pàá wọn, SAP, pọ̀ mọ́ ti ilé ìwádìí CSIR láti fi ṣẹ̀dá orúkọ yẹn. Ní àwọn ọdún 1980, Casspir kúrò lójú ogun ní ààlà, ó wọ Soweto àti àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú mìíràn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n sọ òkò lù ú mọ ìró rẹ̀ láti òkèèrè.

Ẹ rántí ẹ̀yìn ta ni Nàìjíríà wà nígbà náà. Ní ọdún 1976 ni a dá àpò ìrànlọ́wọ́ fún gúúsù Áfíríkà sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi nínú owó oṣù wọn sí. Ní ọdún 1979, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ilé-iṣẹ́ epo BP tí ó wà lórílẹ̀-èdè yìí lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àwọn tí ń ri bọ́ǹbù sójú ọ̀nà ni ẹni wa. Àwọn tí ń kan ọkọ̀ ni ọ̀tá. Lónìí, àwọn tí ń ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pa àwọn ọmọ wa ní Bọ̀rùnó, àwa ni a sì wà nínú ọkọ̀ tí àwọn ọmọlẹ́yìn Ian Smith àti P. W. Botha fi agídí ronú kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015 tilẹ̀ ni àwọn àgbà ṣọ́jà láti Gúúsù Áfíríkà wá bá wa jà fún oṣù díẹ̀, tí díẹ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà rí. Ọkọ̀ REVA tí wọ́n ṣe nílùú wọn wà lára ohun tí wọ́n fi jà. Èmi kò mú èyí wá láti fi bú ẹnikẹ́ni. Irin kò ní ẹ̀yà. Mo mú un wá nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa láti kọ́: àìní ni ó bí ọkọ̀ yìí. Àwọn tí ayé ti ilẹ̀kùn mọ́ ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì rí i dájú pé ohun tí ẹni tí ń tún lọ́rì ṣe ní ìlú wọn bá mọ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, ó sanra. Ọkọ̀ Humvee tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n gbé lọ sí Ìráàkì ní ọdún 2003, bọ́ǹbù ojú ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n bí ẹni ń pa eéṣú. Ní ọdún 2005, àwọn ọmọ ogun Marine bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ ayẹta tí ó ju 1,000 lọ, ẹ̀bẹ̀ náà sì jókòó sórí tábìlì. Ọdún 2007 ni Robert Gates, mínísítà ètò ààbò, pàṣẹ pé kí ọkọ̀ yìí ṣíwájú gbogbo ohun tí wọ́n ń rà. Kí ọdún díẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti ra èyí tí ó ju 25,000 lọ, owó tí wọ́n ná lé e sì ju bílíọ̀nù 40 dọ́là lọ. Wọ́n ń kánjú, nítorí náà oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fún ní iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: Cougar, MaxxPro, RG-33, Caiman, oníkálukú pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ àti páàtì tirẹ̀. Ó gba ẹ̀mí àwọn ọmọ wọn là, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo, orí rẹ̀ ga, ó sì máa ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí òkè Afghanistan, kò lè rìn dáadáa, àfi ìgbà tí wọ́n tún sáré ṣe èyí tí ó kéré jù ú lọ, M-ATV, ní ọdún 2009.

Lẹ́yìn ogun, kí ni wọn yóò fi ṣe? Wọ́n fún àwọn ọlọ́pàá ìlú kéékèèké ní Amẹ́ríkà, títí tí ariwo fi ta ní ọdún 2014 nígbà tí ayé rí irú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀ tí ó dojú kọ aráàlú ní Ferguson. Wọ́n fún Uzbekistan ní èyí tí ó ju 300 lọ ní ọdún 2015. Wọ́n fún Íjíbítì ní 762. Ní ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó MaxxPro fún Ukraine. Èyí tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti United Arab Emirates. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2014, ìjọba Amẹ́ríkà kéde fún àwọn aṣòfin rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè náà fẹ́ ra àlòkù MRAP 4,569, gbogbo rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Kí ni ó wà nínú iye yẹn? Àtúnṣe ọkọ̀, páàtì, ìwé ìlò, àti ẹ̀kọ́ fún àwọn tí yóò máa tún wọn ṣe. Olówó ni wọ́n, wọ́n lè ra tuntun. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ ra àlòkù, wọ́n ṣírò ohun tí yóò máa gbé e rìn mọ́ ọn. Ẹ fi wé wa, tí a rò pé ọkọ̀ ti di tiwa nígbà tí ó bá ti bọ́ sí èbúté Èkó.

Ẹ má rò pé ohun tuntun ni àlòkù ohun ìjà jẹ́ fún wa. Ó ti pẹ́ tí ohun ìjà tí Yúróòpù lò tì ti ń wọ ilẹ̀ Yorùbá. Púpọ̀ nínú ṣakabùlà tí àwọn baba wa fi jagun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ irú ìbọn tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó ti pa tì. Ṣakabùlà rọrùn láti bọ́. Ẹ̀tù ni, àti ohunkóhun tí alágbẹ̀dẹ bá rọ.

Ogun Kírìjì ni ó yí nǹkan padà. Ní ọdún 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán àwọn ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́ lọ ra ohun ìjà, àwọn Ẹ̀gbá sì dí wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lójú ọ̀nà tí ẹ̀tù ń gbà wálé. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà kó wọn jọ, wọ́n sì dojú kọ Ìbàdàn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Agbára Ìbàdàn ni ó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tí ń gbé Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti mọ ìwé, tí wọ́n sì ń bá òyìnbó ṣòwò, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìbọn tí a ń ki ọta sí láti ìdí, irú bíi Snider, ránṣẹ́ sílé. Ẹ jẹ́ mọ irú ìbọn tí Snider jẹ́. Ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki lẹ́nu ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gé ìdí rẹ̀ tún ṣe ní ọdún 1866, kí ó má bàa ṣòfò. Ní ọdún 1871, wọ́n ti mú Martini-Henry dípò rẹ̀. Àlòkù tí wọ́n fi àlòkù ṣe ni ó dé Kírìjì. Síbẹ̀, nígbà tí oníṣakabùlà bá fi yìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan, oní-Snider lè yin tirẹ̀ títí dé ìgbà 10. Apá Ìbàdàn kò ká wọn mọ́. Àwọn náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ìbọn náà kiri lójú méjèèjì.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí tán tí ó ní ìbọn tuntun ni ó gba Èkìtì là kò kà á dáadáa. Kò sí alágbẹ̀dẹ kankan láti Ìjẹ̀ṣà dé Ọ̀yọ́ tí ó lè rọ kátíríìjì Snider. Bí kátíríìjì bá tán, igi lásán ni ìbọn náà. Ohun tí Èkìtì Parapọ̀ ní tí Ìbàdàn kò ní ni ọ̀nà Oǹdó, tí ó dé Èkó láìgba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá kọjá, àti àwọn ọmọ tiwọn ní Èkó tí ó mọ bí a ṣe ń rà á, tí ó sì mọ bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn láti lò ó. Ìbàdàn ní akọni, wọ́n ní owó, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí mọ́ wọn. Látòósà kú sójú ogun náà ní ọdún 1885. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tú ká títí di ọdún 1893.

Nítorí náà ni mo ṣe ń wá ọ̀nà Oǹdó nínú ọ̀rọ̀ MRAP, n kò sì tíì rí i. Caiman wà lára irú àwọn ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fún wa ní ọdún 2016. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni, ìwọ̀n rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 13 lọ láì tíì gbé ènìyàn. Ẹ́ńjìnnì Caterpillar ni ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Katapílà ni a ń pe gbogbo ọkọ̀ tí ń ya ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é. Mo bi bàbá kan tí ó ti ń tún lọ́rì ṣe ní Ìbàdàn láti ìgbà tí mo wà ní kékeré pé, bí wọ́n bá gbé irú ọkọ̀ yìí wá bá a, kí ni yóò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dókítà, ẹ́ńjìnnì yẹn kò le. Èmi náà ti tú u rí lára jẹnẹrétọ̀ àti lára katapílà. Ìyókù ni ẹ̀rù. Ọkọ̀ kì í kú lójú ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tí kò rí páàtì rà ni ó ń kú sí." Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n bá wá fún yín ní mẹ́rin tí ó jọ ara wọn ńkọ́?" Ó ní òun yóò tú ọ̀kan palẹ̀ kí mẹ́ta lè máa rìn. Bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, ọkọ̀ 24 lè di 18 láàárín ọdún díẹ̀, kí ó tún di 12, láìjẹ́ pé ọ̀tá yin ìbọn kan.

Ilẹ̀ Bọ̀rùnó pàápàá kò ṣe é fojú di. Iyanrìn ni ibì kan. Lẹ́bàá adágún Chad, ilẹ̀ dúdú tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní firki ni, tí ó ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń di ẹrẹ̀ tí kì í jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ nígbà òjò. Ọkọ̀ tí ó ju tọ́ọ̀nù 13 lọ tí ó bá rì sínú rẹ̀ nílò ọkọ̀ tí ó lágbára jù ú lọ láti fà á jáde. Bí ìyẹn kò bá sí nítòsí, àwọn ọmọ ogun ní láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kò sí nínú ayẹta mọ́. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ sá lọ, ọ̀tá yóò tún un ṣe, yóò sì gbé e padà wá bá wọn jà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti já irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ tún wo oríṣi tí ó wà nílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà wà, ti Gúúsù Áfíríkà wà, a ti ra ti Ṣáínà, a sì ti ra láti United Arab Emirates. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ń béèrè táyà tirẹ̀, fítà tirẹ̀, ìwé tirẹ̀, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Amẹ́ríkà tí ó ní owó jù lọ láyé kó irú ọ̀pọ̀ yìí jọ, ó sì rí wàhálà rẹ̀. Bí wọ́n bá tún fi àlòkù lọ̀ wá lọ́la, èmi yóò ní kí a gbà á bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ti ní tẹ́lẹ̀, bí páàtì ọdún mélòó kan bá tẹ̀ lé e, bí àwọn ẹnjiníà wa bá sì láǹfààní láti tú u palẹ̀ dé egungun. Bí ó bá jẹ́ irú mìíràn tí a kò mọ̀, tí ó dá wá láìní páàtì, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí a má gbà á, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo mọ̀ pé èyí yóò bí àwọn kan nínú. Wọn yóò ní àwọn ọmọ ń kú lónìí, ìwọ ń sọ̀rọ̀ fítà. Àwọn ọmọ náà ni mo ń rò. Ọ̀gá tí ó bá ka ọkọ̀ 24 sínú ìwé, tí 10 péré ń rìn nínú rẹ̀, yóò rán àwọn ọmọ sí ojú ọ̀nà ọ̀hún nínú Hilux, abẹ́ pẹrẹsẹ, láìsí irin kankan láàárín wọn àti ilẹ̀.

A kò ṣàìgbìyànjú nílé. Ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba, DICON, ti wà ní Kàdúná láti ọdún 1964. Ní ọdún 2019 ni a fi ọkọ̀ ayẹta tí wọ́n ń pè ní Ezugwu han ayé, orúkọ ọ̀gágun kan tí ó jagun ní Bọ̀rùnó ni wọ́n fún un. Ní Òde Rẹ́mọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé-iṣẹ́ aládàáni Proforce náà ń ṣe ọkọ̀ ayẹta. Wọ́n pe MRAP tiwọn ní Ara, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí àrá, ti Ṣàngó. Wọn kò fi àmì ohùn sí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì mọ bí èyí ṣe máa ń rí lára mi. Láìsí àmì, ara ni mo kà á sí nígbà àkọ́kọ́, ara ẹran ara, ohun tí ọkọ̀ náà wà láti dáàbò bò. Ẹlòmíràn lè kà á sí ará, tàbí àrà. Mo dárí jì wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún wa, àti àwọn ti Kàdúná pẹ̀lú wọn, kò jẹ mọ́ orúkọ: bí ọkọ̀ náà bá kọ̀ sí ọ̀nà Mònguno lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé ẹnìkan lè rí páàtì rẹ̀ rà ní Ládípọ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ajé?